Ibi tí Irun Kápẹ́ẹ̀tì Ń Sùn Sí

Irun kápẹ́ẹ̀tì máa ń sùn. Ẹni tó bá ń fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó o bá fi àtẹ́lẹwọ́ rà á lọ sí apá ibi tó sùn sí, á jọ̀lọ̀. Tó o bá fà á padà, á ta kò ọ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì dúdú sí i lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Kápẹ́ẹ̀tì kan náà ni o, kò sí ohun tó ṣe é. Nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ju báyìí lọ ni wọ́n ṣe pe bàbá mi lólè nínú mọ́ṣáláṣí tó ti ń ṣe ladánì, tó ń pe ìrun, láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ilé iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kan lójú ọ̀nà Ìbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní Okokomaiko ni mo ti ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Èmi ni mò ń bọ́ òwú fún ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ni férémù irin gàgàrà kan wà tí a ń to kóònù òwú sí, ó pọ̀ débi pé tó o bá dúró láàárín wọn, wọn ò ní í rí ọ. Òwú kọ̀ọ̀kan ń gba inú páìpù tín-ín-rín lọ bá abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ yẹn tò sára irin kan ṣoṣo láti etí dé etí bí eyín ìyarun. Bí irin yẹn bá sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn á sọ̀ pọ̀, wọ́n á gún aṣọ tó ń kọjá lábẹ́ wọn, wọ́n á ti òwú gba inú rẹ̀. Ìkọ́ kéékèèké wà nísàlẹ̀ tó ń di òwú náà mú kí abẹ́rẹ́ tó gòkè padà, ọ̀bẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́ tó ń gé e. Òwú tó ká bí òrùka á là sí méjì, á nàró. Irun nìyẹn.

Irun yẹn ò tíì dúró ire. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọwọ́ lè fi ìka méjì fà á yọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi gọ́ọ̀mù ra ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n ń lẹ aṣọ kejì mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń tì í gba inú ààrò gígùn kó lè gbẹ. Láti abẹ́ abẹ́rẹ́ títí dé ẹnu ààrò, apá kan ṣoṣo ni kápẹ́ẹ̀tì ń rìn sí, apá kan náà sì ni gbogbo irun rẹ̀ máa ń sùn sí. Kí ẹni tó fẹ́ tẹ́ ẹ má baà ṣì í ṣe, a máa ń tẹ ọfà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, eruku òwú ti wọ imú mi tó, ariwo ẹ̀rọ ti ba etí mi jẹ́. Tí òwú kan bá já tí mi ò tètè rí i, ìlà tó pá á gba àárín kápẹ́ẹ̀tì kọjá, ọ̀gá á sì fi ẹnu bó mi níwájú gbogbo èèyàn. Mo mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Nígbà tí àwẹ̀ ń bọ̀, ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa ní Ọ̀jọ́ ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn fúnra wọn ló ní kí bàbá mi lọ rà á wá. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn náà ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Bàbá mi sì wá síbi iṣẹ́ wa, ó wọ jalamíà funfun, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ẹ̀rọ bí ẹni ń wo ọmọ tó ń kéwú. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan èyí tí a ti parí, níwájú àwọn ọ̀gá mi. Ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe máa rí lára àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn. Rólù méjì ló mú, aláwọ̀ ewé, òwú kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Ọwọ́ mi ni mo fi so òwú àwọn méjèèjì. Ó jókòó ti dẹ́rẹ́bà nínú ọkọ̀ akẹ́rù títí wọ́n fi já rólù méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Ilé iṣẹ́ wa ní àwọn máa rán ẹni tó máa bá wọn tẹ́ ẹ. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní kò pọn dandan, pé ṣé kápẹ́ẹ̀tì títẹ́ náà tún lohun téèyàn ń kọ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ, bàbá mi lọ kí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí pín ara wọn sí méjì. Àwọn kan gbé rólù tiwọn lọ síwájú, níbi tí lemọ́ọ̀mù ń dúró sí, wọ́n ń tú u bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, apá ọ̀tún nìyẹn. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń tú tiwọn lọ síwájú lápá òsì. Wọ́n ń bá ara wọn sáré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí irun apá kan ṣe kọjú síwájú nìyẹn tí ti apá kejì kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá wọlé á rí ewé tútù lọ́tùn-ún, á rí ewé dúdú lósì.

Mo wà ní mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn aṣọ ìkélé àwọn obìnrin, oorun iṣẹ́ alẹ́ ṣì ń kùn mí. Bí wọ́n ṣe kírun tán ni akọ̀wé gba maikirofóònù. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọ̀tún yín, ẹ wo òsì yín. Ọ̀kan jẹ́ ojúlówó, ọ̀kan jẹ́ ayédèrú. Ẹni tí a rán níṣẹ́ mọ ibi tí ojúlówó kejì wọlé sí." Kò dárúkọ. Ta ni kò mọ ẹni tí wọ́n rán?

Mo gbọ́ ohùn bàbá mi. Ó ní, "Mi ò pààrọ̀ nǹkan kan. Ọ̀kan náà ni wọ́n." Ohùn tó ń jí gbogbo àdúgbò láàárọ̀, ó wá ń gbọ̀n. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Lemọ́ọ̀mù wúkọ́, ó ní a máa wo ọ̀rọ̀ náà. Ó tán. Obìnrin tó jókòó tì mí rọra sún aṣọ rẹ̀ kúrò lára tèmi. Mo dìde, mo gbá aṣọ ìkélé mú, ọkùnrin kan na ọwọ́ dínà mi, ó ní, "Arábìnrin, ẹ padà sẹ́yìn." Nígbà tí mo máa fi yí gba ìta, bàbá mi ti lọ.

Kílẹ̀ tó ṣú, fọ́tò kápẹ́ẹ̀tì náà ti wà lórí Wasáàpù mọ́ṣáláṣí. Mo wò ó, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ ló fà á. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé nígbà tí kò séèyàn lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó rìn dé iwájú kó wẹ̀yìn wò. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá rí i tí dúdú di títànṣán, tí títànṣán di dúdú. Ẹsẹ̀ mélòó ni? Gbogbo ọkùnrin ńlá ńlá yẹn dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí èèyàn lọ́rùn. Mo gbé fóònù lọ bá bàbá mi ní pálọ̀, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́. Nígbà tí àkókò Ìṣáì tó, ohùn ẹlòmíràn ló jáde láti inú gbohùngbohùn. Bàbá mi tẹ́tí sí i títí ó fi parí, kò dìde. Ohun tó ní láyé kò ju ohùn yẹn àti orúkọ rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti gba méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá wọn lẹ́yìn ìrun Alásárì. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo bọ́ bàtà, mo gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá, orí mi ti gbóná.

Akọ̀wé ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mọ́ṣáláṣí lo wà o."

Mo ní, "Mo mọ ibi tí mo wà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé etí kápẹ́ẹ̀tì yìí sókè."

Mo gbé e fúnra mi. Ọfà apá ọ̀tún kọjú síwájú, ti apá òsì kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí àwọn ọ̀dọ́ ká rólù apá òsì, kí wọ́n yí i kọjú sí apá kejì, kí wọ́n tún un tẹ́. Wọ́n ṣe é, wọ́n ń mí hẹlẹ. Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ tán, ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí di àwọ̀ kan láti ògiri dé ògiri. Lemọ́ọ̀mù ní Alhamdulillah. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín. Akọ̀wé gbá ọwọ́ pọ̀, ó ní, "Kápẹ́ẹ̀tì yìí ní wàhálà o. Ó dáa, ó ti yanjú."

Mo ní kó gba maikirofóònù, kó sọ ọ́ bó ṣe sọ tàná.

Ó ní, "Kò tó bẹ́ẹ̀. A ò ṣáà dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Mo kúrò níbẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá dúró, mo máa bú àgbàlagbà nínú ilé Ọlọ́run.

Wọ́n wá sílé wa nírọ̀lẹ́, lemọ́ọ̀mù àti akọ̀wé. Mo gbé omi fún wọn, mi ò kí wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Lemọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Bàbá Ladánì, gbogbo ọ̀rọ̀ ti tán, Ọlọ́run ti wẹ̀ yín mọ́. Ẹ máa bọ̀ wá pe ìrun Màgàríbì."

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n wá. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí mi. Ó ní, "Lemọ́ọ̀mù, ẹ wo ọmọ yìí. Ká ní kì í ṣe iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe ńkọ́? Ká ní aṣọ ló ń rán, tàbí ó ń ta ẹja?"

Lemọ́ọ̀mù gbé ife omi sílẹ̀.

Bàbá mi ní, "Olè ni mí nìyẹn, títí n ó fi kú. Ẹ̀yin tí mo ń jí láràárọ̀, kápẹ́ẹ̀tì lẹ gbà gbọ́, ẹ ò gbà mí gbọ́."

Ó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀, ó wọlé lọ. Pálọ̀ ló ti kírun lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kí i títí di òní.