Ọ̀pá Ọdán Iwájú Ilé Mi

Ní gbogbo àsìkò òjò yẹn, n kì í tíì bọ́jú tán kí n tó jáde lọ wo igi. Ká tiẹ̀ ní ó tó igi ni. Ọ̀pá lásán ni, tó nípọn bí apá mi, tí mo rì mọ́lẹ̀ níwájú ilé mi ní Àkúrẹ́, lọ́nà Ìlárá-Mọ̀kín. Màá fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá rí i pé abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, ọkàn mi á balẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá dìrọ̀lẹ́, màá tún lọ họ ọ́.

Ìyá mi ló fà á. Àwọn tó ń fẹ ojú títì ní Oǹdó ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé wa: yàrá Màámi máa lọ, igi ọdán ẹnu ọ̀nà náà máa lọ. Bàbá mi ti kú. Àga wọn ṣì wà ní pálọ̀, a kì í jókòó sí i. Èmi nìkan sì ni ọmọ. Mo ní kí Màámi wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

"Ṣé o ò rí ọdán yẹn ni?" ni wọ́n wí.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Orí ọ̀pẹ tí bàbá mi gbìn ni ọdán náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ ló yàgbẹ́ síbẹ̀, hóró inú rẹ̀ hù, ó ń sọ gbòǹgbò wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dì mọ́ ọ̀pẹ títí a ò fi rí ọ̀pẹ mọ́. Ní kékeré, mo máa ń ti ọwọ́ bọ àárín gbòǹgbò kí n lè fọwọ́ kan ara ọ̀pẹ. Nígbà tó yá, ojú ihò náà dí.

"Àlejò lòun náà nígbà tó dé," ni Màámi wí. "N ò ní wá fún ọ lọ́rùn nínú ilé rẹ."

Inú bí mi. Ta ní ń fi ìyá ẹni wé igi? Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n gé ẹ̀ka kan, wọ́n gbé e sí ibòji títí oje funfun ara rẹ̀ fi dá, wọ́n fi ọ̀bẹ sàmì sí ìdí rẹ̀ kí n má baà fi orí rẹ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n ní kí n fi amọ̀ di orí rẹ̀ nítorí oòrùn.

"Lọ rì í sí gbalasa. Bó bá dá dúró, tó yọ ewé láìgun ẹnì kankan lórí, màá wá."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń họ igi láràárọ̀ nìyẹn. Ewé ò yọ. Bí mo bá pe Oǹdó, Màámi á ní katapílà ti dé ìdí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé ilé ẹlẹ́ran.

"Ọ̀pá ńkọ́? Ṣé o kì í họ ọ́?"

"Rárá, mà."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o."

Wọ́n mọ̀ mí. Èmi tí n kì í lè jẹ́ kí ìrẹsì jinná kí n tó ṣí ìkòkò.

Lọ́jọ́ tí katapílà dé ẹnu ọ̀nà wa, mo gbé mọ́tò, mo mú irọ́ dání: màá ní ó ti yọ ewé. Mo ń fi kọ́ra lẹ́nu títí mo fi dé Oǹdó.

Mo bá ọdán nílẹ̀. Màámi jókòó sórí àpótí, wọ́n dojú kọ kùkùté. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní, "Wá wò ó."

Àárín kùkùté ṣófo. Ọ̀pẹ ti jẹrà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọdán ò kún ibẹ̀. Ihò róbótó kan ló wà níbi tí ọ̀pẹ ti dúró, àpá èèpo ọ̀pẹ sì ṣì hàn lára igi nínú lọ́hùn-ún. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ bíi ti ìgbà èwe, ó gbà mí dé èjìká.

"Ó pa á lóòótọ́," ni Màámi wí, "ṣùgbọ́n kò gba àyè rẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìró wọn. Wọn ò béèrè ọ̀pá rárá.

"Àga bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé àyè wà fún un ní pálọ̀ rẹ?"

"Ó wà, Màámi," ni mo wí, mo sì wọlé lọ gbé e.