Bí Òkúta Ìpọ́nbẹ Bùsàrí Ṣe Kúrò Nílẹ̀

Nígbà tí Iléyá ọdún tó kọjá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yìn Bùsàrí há. Orí àpótí kékeré tó máa ń jókòó lé nídìí òkúta ìpọ́nbẹ rẹ̀ ní Soje, nílùú Minna, ló wà. Ó fẹ́ dìde, ìbàdí kọ̀. Ó tún gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Uzair alápatà, tó wá gba ọ̀bẹ, rò pé nǹkan ló ń wá nílẹ̀. Lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a wá a.

"Kí ló sọnù, Màlámù?"

"Ẹ̀yìn mi ni!"

Ẹ̀rín ń pa Uzair bó ṣe ń gbé e wọlé, tòun tàpótí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Bùsàrí. Ìlọrin ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún tó ti ń fọwọ́ rọ ọ̀bẹ ní Minna. Yóò ra sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti ṣẹ́, yóò ki í bọná, yóò lù ú pẹlẹbẹ, yóò wá máa lọ̀ ọ́ lórí òkúta. Lílọ̀ yìí ló ń gba àsìkò jù. Bó bá jókòó láago mẹ́jọ àárọ̀, àfi tí wọ́n bá pe ìrun ni yóò tó nasẹ̀. Àwọn alápatà sì fẹ́ràn ọ̀bẹ rẹ̀, nítorí kì í tètè kú.

Nàímátù ìyàwó rẹ̀ ló ń fi òróró gbígbóná ra á lẹ́yìn. Máásà ni òun ń dín tà ní Fadikpe. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní:

"Bàbá Labibah, láti ìdájí ni mo ti ń dúró nídìí iná. Ṣé ẹ gbọ́ ọ rí kí n ké pé ẹ̀yìn ń dùn mí?"

"Rárá o."

"Àdògán mi ga dé ìbàdí, n kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé òkúta yín sókè."

Bùsàrí fajú ro. "Ìjókòó ni bàbá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Ẹni tó bá dúró lọ ọ̀bẹ, eré ló ń ṣe."

Nàímátù kò bá a jiyàn. Ó pe bàbá ọkọ rẹ̀, Alùfáà Abdussamad, láago ní Ìlọrin, ó ro ẹjọ́ fún un, ó sì gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀. Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Bùsàrí, ta ló ní o gbọ́dọ̀ jókòó?"

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi, Bàbá."

"Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ló rẹlẹ̀ jù! Ẹni tó bá nàró níbẹ̀, á forí gba páànù. Nígbà tí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ìjókòó ti mọ́ mi lára. Ṣé páànù wà lórí tìrẹ ni?"

Bùsàrí ronú. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń ṣiṣẹ́. "Rárá, Bàbá."

"Dìde, ọmọ mi."

Nígbà tí ẹ̀yìn náà rọlẹ̀ díẹ̀, Uzair gbé ìtì igi kan wá, irú èyí tí wọ́n ń gé ẹran lórí rẹ̀. Wọ́n tẹ́ àkísà tútù sórí rẹ̀ kí òkúta má baà yọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ó ga jù, èjìká Bùsàrí ló ń ro ó. Uzair fi ayùn gé e kúrò níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Nàímátù ká ẹní àtijọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi búlọ́ọ̀kù kan síwájú rẹ̀ kó máa gbé ẹsẹ̀ kan lé e, kó máa pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá lọ ọ̀bẹ méjì, yóò ṣíwọ́, yóò rìn lọ mumi.

Gbogbo ọ̀bẹ tí wọ́n fẹ́ lò fún Iléyá ló parí nígbà tí ọdún ṣì ku ọjọ́ méjì.

Èyí tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ó wá ń rí àdúgbò. Láti ogún ọdún, bàtà ló fi ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin arúgbó kan tó ń kọjá kí i kú iṣẹ́ lédè Hausa pé, "Sannu da aiki."

Bùsàrí dá a lóhùn, ó wo sálúbàtà aláwọ̀ pupa tó ti mọ̀ tipẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì pariwo:

"Kai! Àṣé ẹ nírùngbọ̀n!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.