Omi Èèpo Irúgbá

Èmi kì í tètè gbà pé mo jẹ̀bi. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò ní àwáwí kankan fún un.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ àti ife tánganran ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí mo jáde ní póli. Èmi ni mò ń kun òdòdó sí etí abọ́. Nígbà tí ìjọba gbé ètò ọrọ̀-ajé Sáàpù dé, tí náírà sì já wálẹ̀, ọ̀dà tó ń mú abọ́ dán, èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, di àwátì. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí á máa wá sí ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti géètì pa pátápátá. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àfọ́kù abọ́, wáyà àti ìdérí ìgò lẹ́yìn ògiri àwọn ilé-iṣẹ́, mo ń kó wọn lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Agége, mo ní mo ti di oníṣẹ́ ọnà. Ọkọ mi ní ààtàn ni mo ń kó wọlé.

Mo lè fi amọ̀ mọ nǹkan, mo lè so wáyà mọ́ ọn, mo lè lẹ àfọ́kù abọ́ mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ara ìkòkò mi gbẹ háúháú, ó funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara. Mo kanra títí ọkọ mi fi ránṣẹ́ pe ìyá mi ní Èkìtì.

Amọ̀kòkò ni ìyá mi. Wọ́n gbé àpò èèpo irúgbá kan, igi tí a ti ń rí irú, dání wá, wọ́n sè é títí omi rẹ̀ fi dúdú tó sì ki. Bí a bá ti fi igi fa ìkòkò jáde nínú iná, tó ṣì pọ́n yòò, wọn á ki ìgbálẹ̀ bọ omi náà, wọn á wọ́n ọn sí i lára. Á dún ṣàà, èéfín á sọ, ara ìkòkò á sì dúdú, á máa dán. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo kígbe.

“Kí lo ń pariwo sí?” ni ìyá mi wí. “Ṣebí mo máa ń pọ̀n ọ́ sẹ́yìn nígbà tí mò ń ṣe é.”

Oṣù mẹ́rin la jọ ṣiṣẹ́. “Yára! Bó bá tutù, kò ní mu ún mọ́,” wọn á máa pariwo mọ́ mi, èmi náà á máa ráhùn. Mi ò mọ̀ pé inú ayọ̀ ni mo wà nígbà náà.

Obìnrin olówó kan wá fi pálọ̀ rẹ̀ ní GRA sílẹ̀ fún àwa oníṣẹ́ ọnà mẹ́fà kí á pàtẹ iṣẹ́ wa ní ọ̀sán Sátidé kan. Àwọn olùkọ́ póli wá, àwọn òyìnbó wá, àwọn ọ̀gá ìjọba wá láti Aláúsá. Wọ́n ní kí oníkálukú dìde, kó sọ ibi tí èrò rẹ̀ ti ń wá àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa sọ. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ní Lọ́ńdọ̀nù lòun ti kàwé. Ojú wá tì mí láti dárúkọ arúgbó kan àti ìgbálẹ̀. Mo ní èmi fúnra mi ni mo wá àwọ̀ dúdú yẹn rí, lẹ́yìn ìwádìí ọdún méjì. Òyìnbó kan bi mí bóyá àwọn obìnrin ìlú mi máa ń ṣe irú rẹ̀. Mo ní rárá, ìkòkò ọbẹ̀ lásán ni tiwọn.

Ìyá mi wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọ́n jókòó ti dírẹ́bà onílé lẹ́nu ọ̀nà. Ọkàn mi balẹ̀, torí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyá mi ní àwọn fẹ́ rele. Wọ́n ní ọwọ́ ń dun àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n títí, nígbà tó yá inú bí mi, mo ní kí wọ́n máa lọ. Mo lọ sí Èkìtì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: “Ìwọ náà ṣáà ti mọ̀ ọ́n ṣe.” Ọdún kejì ni wọ́n kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo pàdé dírẹ́bà obìnrin olówó yẹn níwájú báńkì kan ní Opebi.

“Àǹtí oníkòkò! Màmá ńkọ́?”

Mo sọ fún un. Ó ṣí fìlà.

“Háà! Màmá dáadáa. Èmi ni mo túmọ̀ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn fún wọn o.”

Mo bi í pé kí ló túmọ̀.

“Gbogbo ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n má fo nǹkan kan. Nígbà tẹ́ ẹ ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá a rí, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.”

“Kí ni wọ́n wá wí?”

“Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, Màmá náà pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá nawọ́ sí yín, wọ́n ní ọmọ àwọn nìyẹn.”

Mo jókòó sórí ògiri gọ́tà níbẹ̀, mo sunkún. Ọkùnrin náà rò pé ikú wọn ni mò ń sunkún sí, ó ń sọ fún mi pé kí n fara dà á, pé Màmá ti gbó kí wọ́n tó lọ.