Nígbà Tí A Fi Aṣọ Di Ojú Nítorí Mùbáráàkì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wọ yunifásítì lóde òní lè máa rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń fi kọ̀mpútà ṣe ìdánwò. Rárá o. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti rọlẹ̀, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pinnu pé ìdánwò orí bébà ti di ohun àtijọ́. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, inú ìlú kan náà la sì jọ ń gbé.

Gbọ̀ngàn kọ̀mpútà ni ibi iṣẹ́ mi. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ojú-òpó ilé-ẹ̀kọ́, bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò níbẹ̀. Mọ́mì ni gbogbo wọn ń pè mí. Ṣùgbọ́n kí n tó di Mọ́mì, mo ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí. Mo ti wọ́de nínú oòrùn, mo ti fa tajútajú símú, mo ti rí ọ̀gá tó bẹ̀ wá lánàá tó sì sẹ́ lónìí. Mo rò pé kò sí irú ìjà tí n kò mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Mùbáráàkì wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ọ̀pá funfun lọ́wọ́. Ọmọ Ìlárè ni, ẹ̀kọ́ nípa ìtàn ló ń kọ́, ọdún tó gbẹ̀yìn ló sì wà. Láti kékeré ni kò ti ríran.

Ó ní, “Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi ní ìdánwò tuntun yìí.”

“Jókòó, ọmọ mi. Àga wà lápá òsì rẹ.”

Kọ̀mpútà alágbèéká rẹ̀ máa ń ka ohun tó bá wà lójú rẹ̀ sí i létí. Òun a gbọ́, a sì fi ìka tẹ ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sán la fi jọ jókòó. Ibi tí ohùn náà bá ti há, a jọ máa ń wá ọ̀nà gba ibòmíràn. Kò pẹ́ tó fi ń yára ju àwọn tó ríran lọ. Ẹ̀rín ló máa ń fi ohùn náà rín.

“Mọ́mì, ẹ gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ mi. Bí ẹni tó ki iyán gbígbóná bọ ẹnu.”

Nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀, àwọn aláṣẹ ra ètò tuntun kan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan. Ètò náà ń fi kámẹ́rà ara kọ̀mpútà ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí ojú akẹ́kọ̀ọ́ bá ń yà sọ́tùn-ún sósì, yóò kìlọ̀ fún un. Bí kò bá ṣíwọ́, yóò ti ìdánwò náà pa, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń jí ìwé wò. Nínú ìpàdé tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, mo nawọ́.

“Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ńkọ́?”

Ọ̀gá tó darí ìpàdé ní, “A ó wò ó, mà.”

Mo ní, “Wíwò yẹn gan-an ni mo ń sọ, sà. Àwọn kò lè wò ó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà kọ nǹkan sórí bébà, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Mùbáráàkì jókòó sí igun, ó ki íápíìsì bọ etí, ìka rẹ̀ ń lọ lórí kọ̀mpútà bí òjò lórí páànù. Èmi wà lápá ibi tí kámẹ́rà kò ti lè rí mi, nítorí bó bá rí ojú ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, yóò ti ìdánwò náà pa lójú ẹsẹ̀. Ṣàdédé ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ojú kọ̀mpútà rẹ̀ ti di pupa yòò.

“Mọ́mì,” ohùn rẹ̀ rọra jáde, “ó ní kí n máa wo òun. Níbo ló wà?”

“Gbé àgbọ̀n rẹ sókè díẹ̀. Yà sọ́tùn-ún. Ó ti pọ̀, padà díẹ̀.”

Ó gbé àgbọ̀n sókè. Orí rẹ̀ dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ kò dúró. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ẹyinjú rẹ̀ a máa rìn fúnra rẹ̀. Ìkìlọ̀ mìíràn tún wọlé. Mo sáré bá olùṣọ́ ìdánwò. Òun náà kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan tó lè fi dá ètò náà dúró, nọ́ńbà iléeṣẹ́ tó ta ètò náà nìkan ni wọ́n fún un. A pè é. Ohùn kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní kí a ní sùúrù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin fún wa. Orin náà ni a ń gbọ́ nígbà tí Mùbáráàkì yọ íápíìsì létí.

“Ó ti tì í,” ló wí.

N kò gbàgbé bó ṣe káwọ́ lérí tábìlì, bí ẹni tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan mọ́.

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó jí ìwé wò mọ́ ara ògiri, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kà á fún un.

Fẹ́yìíṣayọ̀, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó jẹ́ aṣáájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wá bá mi.

“Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ti jà rí. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?”

Mo ní kí wọ́n má sọ òkò, kí wọ́n má dáná sun táyà, kí wọ́n béèrè ohun méjì péré: kí àwọn aláṣẹ yọ orúkọ Mùbáráàkì kúrò, kí wọ́n sì jẹ́ kó tún ìdánwò náà ṣe. Fẹ́yìíṣayọ̀ ló ní kí gbogbo wa fi aṣọ di ojú. Mo lọ bá alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa pé kí ẹgbẹ́ dúró tì wọ́n.

Alága ní, “Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. A ń bá àwọn aláṣẹ sọ ọ̀rọ̀ ìgbéga lọ́wọ́.”

“Alága, ohun tó bá ojú ló bá imú.”

“Imú wa kò tíì dùn wá, Ìyá.”

Mo dá nìkan lọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la jókòó sí níwájú ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ. Àwọn kan fi ìborùn di ojú, àwọn kan fi táì, ẹnì kan fi ìbọ̀sẹ̀ méjì tó so pọ̀. Èmi fi gèlè mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ṣe é rí, ẹ kò lè mọ bí ó ṣe rí. Èèyàn kò mọ ẹni tó jókòó tì í. Ìró bàtà ń lọ, ìró bàtà ń bọ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń dìde lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, n kò sì mọ bóyá ó ku èmi nìkan. Mo na ọwọ́, mo bá ọwọ́ ẹnì kan pàdé. N kò mọ ọwọ́ ta ni títí dòní.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá jáde sí wa. Ohùn rẹ̀ tutù.

“Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ la lò kí ọ̀ràn má baà ní màkàrúrù nínú. Ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú.”

Mùbáráàkì dìde. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀.

“Òótọ́ ni, sà. Ojú nìkan sì ló mọ̀. Èmi tí n kò ní, ibo ló fi mí sí?”

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá náà ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó.

Ìgbìmọ̀ jókòó lóòótọ́. Mo jẹ́rìí níwájú wọn, mo ṣàlàyé ohun tó ṣojú mi. Alága wọn, obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ojú rẹ̀ fi àánú hàn, gbọ́ mi dópin.

Ó ní, “Ìyá, a gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò fún wa láṣẹ láti yí ohun tí ètò náà kọ sílẹ̀ padà. Ohun tí a lè ṣe ni pé a kò ní lé e. Kó padà wá ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀.”

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn.

Ìyá Mùbáráàkì ń dúró níta. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkè-Ogbò ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló sì wọ̀ wá. Nígbà tí mo sọ fún un, kò sunkún.

Ó ní, “Ó dáa, mà. Ta la lè lọ bá báyìí?”

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń dáhùn ìbéèrè yẹn fún èèyàn. Lọ́jọ́ náà, ẹnu mi ṣófo. Ìjà tí mo mọ̀ ọ́n jà, èèyàn la fi ń jà. Ọ̀gá a máa bẹ̀rù, a máa tijú, a sì máa ní ìyàwó tí yóò bá a wí nílé. Ta ni yóò bá ẹ̀rọ wí? Olùṣọ́ ìdánwò ní iléeṣẹ́ ló ni í, iléeṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ló ṣòfin, ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Mo di ìyá náà lọ́wọ́ mú.

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí a jèrè, mo lè tọ́ka sí i. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò fi kámẹ́rà ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran mọ́. Yàrá kan wà fún wọn, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló sì ń jókòó tì wọ́n. Ọmọ tó ń lo yàrá yẹn lónìí kò mọ̀ pé ẹnì kan ti jìyà kí òun tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, n kò sì dá a lẹ́bi. Ohun tí a pàdánù ni Mùbáráàkì fúnra rẹ̀. Kò padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí òfin tuntun nípa yàrá náà jáde, mo lọ sí Ìlárè láti sọ fún un. Mo bá a níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú, wọ́n yí i ká lórí ẹní. Ó mọ ohùn mi kí n tó jókòó.

“Mọ́mì! Ẹ káàbọ̀, mà.”

Mo ròyìn yàrá tuntun náà fún un. Ó gbọ́, ó mi orí, inú rẹ̀ dùn sí i lóòótọ́, mo rí i lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, “Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò jí ìwé wò?”

“Wọn kò kọ ọ́, ọmọ mi.”

“Ó dáa, mà.”

Ó yíjú sí àwọn ọmọ náà, ó ní kí wọ́n tún ẹsẹ tí wọ́n ń kà bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó ń gbọ́ wọn, ó ń tún ohùn èyí tó bá ṣìnà ṣe. Mo jókòó sẹ́yìn wọn títí wọ́n fi kà á tán, nítorí n kò mọ bí mo ṣe lè dìde.