Alhaja Ní Kí Kọ̀ǹpútà Mi Má Sáré Mọ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ kọ̀ǹpútà kan bí wọ́n ṣe ń sáré. Lónìí, wọ́n ní kó máa rìn.

Kọ̀ǹpútà náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Inú àpótí ló wà ní èbúté Makun-Omi, ó ń wọn bí omi ṣe ń kún, bátìrì sólà ló sì ń lò. Mo jókòó sí Àgọ́-Ìwòyè, mo tún díráfà inú kánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ, ìyẹn ètò tó ń darí rẹ̀ láti inú, kí ọpọlọ rẹ̀ lè máa sáré tàbí kó rọra bí a bá ṣe fẹ́. Lánàá, mo lọ sí èbúté, mo gbé e sí eré tó ga jù. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò.

Láàárọ̀ yìí, Alhaja tó ń bójú tó èbúté pè mí.

"Ẹnjiníà, àpótí rẹ gbóná bí ààrò, bátìrì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kí ló ń lé e?"

"Mà, ó ti ń yára sí i ni."

"Ṣé omi ló ń sáré ni? Ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí ni mò ń wò ó!"

Mo wọkọ̀ lọ bá wọn, mo dá a padà sí eré tó lọ sílẹ̀ jù. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Alhaja gbàdúrà fún mi, wọ́n ní ìsinsìnyí ni mo tó tún un ṣe.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí o: kí ni kí n kọ sínú ìròyìn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀gá mi ń retí?