Mọ́tò Bàbá Mi Tí Gbogbo Àgbàlá Ń Tì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì ga ju táyà lọ, bàbá mi ní mọ́tò kan ní Adjamé, àdúgbò wa ní Abidjan níbí. Bâchée ni, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n fi aṣọ líle bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ̀ ń rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri, ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkú irin. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú, nítorí kì í ṣe ẹ̀rín yín ni.

Abọ́ tánganran ni bàbá mi ń tà. Láti Ìgbòho ló ti wá, kò mú nǹkan kan dání ju ẹsẹ̀ méjì àti ẹnu dídùn lọ. Mọ́tò yẹn ló fi ń kó abọ́ lọ sí ọjà Bingerville. Àléébù kan ló ní: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í jí àfi tí wọ́n bá tì í. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, bàbá mi á jókòó sídìí ọkọ̀, á tẹ fèrè, fèrè á ké bí ewúrẹ́ tí òjò ń pa, gbogbo àgbàlá á sì tú jáde. Télọ̀ ọmọ ẹ̀yà Mossi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí wa á ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Àwa ọmọdé á sáré wá, àwọn mìíràn ò tíì bọ́jú. Ìyá kan, ọmọ ẹ̀yà Ebrié tó ni ilẹ̀ Abidjan, tó ń ta atiéké, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ rírin sè, lẹ́nu ọ̀nà wa, ìdí ló fi ń tì í ní tirẹ̀, torí pé ẹ̀gẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀. Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá nílùú yìí, ìyá náà á sì pariwo:

"Anago, màlúù yín tún ti sùn!"

"Kò sùn o," bàbá mi á dáhùn, "ìyàwó rẹ̀ ló ń dúró dè!"

"Kó kọ́kọ́ wá kí àna rẹ̀ ná!"

Mọ́tò á wúkọ́, á tú èéfín dúdú sí wa lójú, a ó sì fò sẹ́yìn rẹ̀ sórí àpò abọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbádùn? Kí atẹ́gùn máa gbá aṣọ líle yẹn pà, pà, pà lórí ẹni. Kí abọ́ máa sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìdí ẹni. Kí bàbá ẹni dúró lábẹ́ igi oparun ní Bingerville, kó ra atiéké àti ẹja díndín sínú ewé kan ṣoṣo, kí ọwọ́ gbogbo yín pàdé níbẹ̀, kí ẹ máa lá òróró tó ń ṣàn dé ìgúnwọ́. Kò sẹ́ni tó bi wá pé ọmọ ibo ni wá. Ẹnu tó ń jẹun ò ráyè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, àbúrò mi ọkùnrin gba ìdí ọkọ̀, èmi gba abọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, síbẹ̀ títì náà ni. Ó ti mọ́ ọn lára. Ìyá aláatiéké ti darúgbó, ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń tì í dípò rẹ̀. Bingerville lọmọ náà ti kàwé, ẹ̀yìn bâchée wa ló sì máa ń wọ̀ lọ. Á sùn sórí àpò abọ́ mi, èmi ni mo máa ń jí i.

Nígbà tó yá, ìlú dàrú. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní apá òkè ilẹ̀ Côte d'Ivoire yìí, àwọn ọ̀dọ́ gbé igi dínà káàkiri Abidjan, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n á pè ní àlejò. Lọ́jọ́ ọjà kan, wọ́n dá wa dúró lójú ọ̀nà Bingerville. Ta ló fi kùmọ̀ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀? Ọmọ ọmọ ìyá aláatiéké!

"Ìwé yín dà?"

"Ìwọ! Ṣé o ò mọ̀ mí mọ́ ni?"

"Mo mọ̀ yín, Tantie. Ìwé ni mo bèèrè."

Ẹ gbọ́ o. Ó pè mí ní Tantie, àǹtí rẹ̀, ó mọ̀ mí! Ká ní kò mọ̀ mí ni, ì bá sàn díẹ̀. Mo mú ìwé jáde. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ní ìwé àlejò ni, kí a padà síbi tí a ti wá. Mo ní, "Adjamé ni mo ti wá láàárọ̀ yìí, Adjamé náà ni wọ́n bí mi sí!" Ni ọ̀gá wọn bá jágbe mọ́ àbúrò mi pé kó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọ̀gá mi, tí mo bá pa á, kò ní jí mọ́ o."

"Ṣé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Pa á!"

Ó pa á. Àárín ẹnu ọ̀nà tóóró tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gan-an la wà. Gbaka, àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò, tò jọ sẹ́yìn wa, fèrè ń dún, èrò ń bú àwọn ọ̀dọ́ yẹn, wọ́n ń bú àwa náà. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní ká gbé irin wa kúrò. Àbúrò mi ní irin yìí ò ṣeé gbé, títì ni wọ́n ń tì í. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín: "Kí Anago ti mọ́tò Anago!"

Mo sọ̀kalẹ̀. Èmi yìí, tòun ti ìbàdí tó ń ro mí. Mo fi èjìká tì í. Kò mira. Àwọn géńdé ń wòran ẹni tó lè bí ìyá wọn lọ́mọ! Ìgbà tí èrò gbaka bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ tìbínú-tìbínú ni ọ̀gá wọn tó ní kí wọ́n tì í. Ọmọ náà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò wojú mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà síbi tí irin ti tẹ̀ wọnú lẹ́yìn ọkọ̀, ibi tí kì í gé èèyàn lọ́wọ́. Àwa tá a dàgbà ní àgbàlá yẹn nìkan ló mọ ibẹ̀.

Mọ́tò jí. Àbúrò mi ò dúró, ó gba àárín igi kọjá lọ, kò sì sẹ́ni tó rántí ìwé mọ́. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e, mo kọ́kọ́ yíjú padà. Mo sọ fún ọmọ náà pé, "Ìyá àgbà rẹ ti mọ́tò yìí kí ìwọ tó dáyé. Kò bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ dá ọkọ̀ mìíràn dúró.

Àbúrò mi ò gbà láti lọ sí Bingerville mọ́. Kó tó pọ́dún, a ta mọ́tò náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú mi. Ẹ̀yin ń wí pé ayé ti là. Kọ́kọ́rọ́ lásán ló ń jí mọ́tò tiyín, ẹ ò wá ẹnikẹ́ni kó bá yín tì í. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá ẹ jáde nílé lónìí tàbí ẹ ò jáde? Tí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, ẹ á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé, kí ẹ wo irú ẹ̀yà tó jẹ́.

Ọmọ ọ̀hún ṣì ń gbé àdúgbò wa. Ó ti láya, ó ti bímọ. Wọ́n ní ìjà ti parí, kí oníkálukú gbàgbé. Láràárọ̀ ló ń kí mi: "Bonjour, Tantie." Ó sì ń gbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń dá a lóhùn o, kì í ṣe èmi.