Epo Inú Máṣíìnì Mi

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sórí ẹní, mo ń fi ìyẹ́ adìẹ kán epo sínú àwọn ihò rẹ̀. Irin dúdú ni, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Òun ni ìyá mi fi ń ránṣọ kó tó di tèmi. Ọkọ mi, Bàbá Kafáyà, ti lọ sóko ẹ̀gẹ́. Abúlé wa wà lẹ́yìn ìlú Tápà. Ìró tí mo gbọ́ kọ́kọ́ jọ ti ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kọ̀. Nígbà tó máa fi tún dún, àwọn èèyàn ti ń sáré kọjá.

Màmá, ìyá ọkọ mi, já wọlé láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyàwó, ìbọn ni! Àwọn agbébọn ti wọlé!"

Mo fẹ́ gbé máṣíìnì. Màmá gbá mi lọ́wọ́ dànù.

"Ṣé irin lo máa gbé ni, àbí ọmọ?"

Mo pọn Kafáyà, a gba inú igbó. Ìbọn ń dún lẹ́yìn wa, á dákẹ́, á tún dún. Nígbà tí ọmọ fẹ́ ké, mo fi ọmú dí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ mo ti já a lẹ́nu ọmú. Omi ẹrẹ̀ la mu títí a fi dé Èrúwà.

Kíláàsì kan nílé ìwé ni wọ́n kó wa sí. Gààrí ẹ̀kúnwọ́ la ń pín jẹ. Màmá kì í jókòó. Ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá dúró lójú títì, wọ́n ti débẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí Mùfútáù ọmọ mi?"

Kò sẹ́ni tó rí wọn. Títí dòní, kò tíì sẹ́ni tó rí ọkọ mi.

Nígbà tí a lè padà délé, iná ti jó òrùlé. Mo rí máṣíìnì nínú eérú, ó ti dípẹtà, ọwọ́ rẹ̀ ò yí mọ́. Mo rù ú kúrò níbẹ̀. Ní Igbó-Ọrà, nínú yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi fún wa, mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì. Mo fi sáńpépà ha ìpẹtà, mo fi abẹ́rẹ́ tú òwú jíjó kúrò lára rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é, torí bí ọwọ́ mi bá ti dúró, ọkàn mi á tún sáré padà sí oko ẹ̀gẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ó yí. Inú mi dùn. Mo ki òwú bọ̀ ọ́, mo fi àkísà sábẹ́ abẹ́rẹ́, mo yí i kíákíá. Kà-kà-kà-kà!

Màmá fa Kafáyà mọ́lẹ̀, wọ́n dà bo ọmọ náà mọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ dìde. Máṣíìnì ni."

Wọn ò gbé orí sókè.

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

Láti ọjọ́ náà, jẹ́jẹ́ ni mo ń yí i, mo sì ń da epo sí i láràárọ̀ kó má baà dún. Màmá kú lọ́dún tó kọjá. Kafáyà ti wọ sẹ́kọ́ńdírì; kò rántí nǹkan kan.

Lánàá, ó rí mi nídìí epo.

"Màámi, epo yìí ti pọ̀ jù, ó ń ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Màmá ti lọ. Ta lẹ tún ń bẹ̀rù pé ó máa gbọ́?"

Ó na ọwọ́ láti yí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Yàrá dákẹ́, ìta náà dákẹ́. Mi ò tètè fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń tẹ́tí bóyá wọ́n ti lọ.